Igbe Olóyè, Ológbò Ìyá Waheed

Akínfẹ́nwá kò lè ra gáàsì lọ́dọ̀ mi mọ́ láyé. Kí ẹ ti gbọ́ ìyẹn lẹ́nu mi ná, kí n tó sọ ìdí rẹ̀. Bí sílíńdà bá tò kún ṣọ́ọ̀bù mi títí dé etí títì, bí òun bá ti yọ lókèèrè báyìí, gáàsì ti tán nìyẹn. "Àǹtí Yíwọlá, ẹ jọ̀ọ́, Bímpé ìyàwó mi fẹ́ dáná." Mi ò gbọ́. "Àǹtí, ṣé èyí tó wà lẹ́yìn yín yẹn kọ́?" Omi ló wà nínú rẹ̀. Kó gbé sílíńdà rẹ̀ wọ kẹ̀kẹ́, kó lọ rà á ní ẹ́sítéètì Raji Rasaki. Àwọn kan ní mo ti le jù, pé kí n fi ìjà sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Mo ti fi ti Ọlọ́run sílẹ̀ fún Ọlọ́run, tèmi ni mo ń jà. Ẹni tó ṣu ló máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ọ̀rọ̀ Ìyá Waheed ni mo fẹ́ sọ. Fàósátù lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní Ìkirè, iṣẹ́ aránṣọ ló sì ń ṣe. Ìsàlẹ̀ ilé wa ní Festac ló ń gbé, iwájú ilé náà ló sì gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí, lábẹ́ páànù kan tí ọkọ rẹ̀ kàn fún un. Aṣọ iléèwé àti aṣọ kóyà, ti àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, ló mọ̀ ọ́n rán jù. Ṣọ́ọ̀bù gáàsì mi àti tirẹ̀ fara kan ara, a sì ti jọ ń jẹun nínú abọ́ kan náà tipẹ́tipẹ́. Ó kúrú, kò sanra, òwú ló fi so gíláàsì ojú rẹ̀ mọ́ etí nítorí pé apá rẹ̀ kan ti kán, kò sì ra òmíràn. Bó bá dá ọjọ́ fún oníbàárà, ọjọ́ náà ni aṣọ máa yọ. Bí wọ́n bá sì ṣẹ̀ ẹ́, èmi ni mo máa ń pariwo. Tirẹ̀, ṣe ni yóò dákẹ́, yóò máa fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ lọ. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé ó ti gbàgbé. Háà, ẹ má dán an wò!

Awakọ̀ tírélà ni ọkọ rẹ̀, Bàbá Waheed. Mazamaza ló máa ń páàkì sí. Lọ́dún kan ó ti Kánò dé, ó ní láti Kánò ni òun ti ń gbọ́ ohun kan tó ń dún wíín-wíín lẹ́yìn ọkọ̀, òun rò pé ẹ̀rọ ló ń bà jẹ́. Ìgbà tí wọ́n já apẹ̀rẹ̀ tòmátì ni wọ́n rí i: ọmọ ológbò kan ṣoṣo, tí kò tó àtẹ́lẹwọ́. Ó kì í bọ inú apá aṣọ òtútù rẹ̀, ó gbé e fún ìyàwó rẹ̀. Bí ológbò yìí ṣe fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ilé, orí àga kan ṣoṣo tó ní tìmùtìmù ló gùn, ó jókòó, kò sì sọ̀ kalẹ̀ fún onílé. Bàbá Waheed bú sẹ́rìn-ín. "Olóyè lèyí," ló wí, Olóyè ni gbogbo wa sì ń pè é títí tó fi kú.

Ọ̀nà kò jẹ́ kí Bàbá Waheed pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ọkọ̀ rẹ̀ dànù, wọ́n gbé òkú rẹ̀ wá. Waheed ọmọ wọn dàgbà, ó gba iṣẹ́ ní Ìbàdàn, ìpè lórí fóònù ni ìyá fi ń rí i. Olóyè ló kù nínú ilé. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni àwọn méjèèjì fi jọ ń jí, tí wọ́n jọ ń jẹun. Bí ìyá bá ń ránṣọ, yóò dùbúlẹ̀ sórí ègé aṣọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Èkúté inú gọ́tà wa tóbi tó ọmọ ajá, síbẹ̀ èkúté kan kì í wọ ilé wa kó jáde láàyè, ìsàlẹ̀ tàbí òkè. Gbogbo wa la jẹ nínú iṣẹ́ ológbò yìí, kí ẹ rántí ìyẹn.

Nígbà tó di ọdún tó kọjá, Olóyè bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun bí ẹni mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ló ń gbẹ. Ó ń mu omi bí ẹni jẹ iyọ̀. Irun ara rẹ̀ rí wúruwùru. Yóò fò pé kó dé orí tábìlì ẹ̀rọ, yóò já bọ́. Lẹ́yìn náà ni igbe dé. Kì í ṣe ńyáò tí ẹ mọ̀ o. Igbe gígùn ni, láti inú ikùn wá, bí ìgbà tí wọ́n ń fa géètì irin tí kò rí epo. Yóò dúró láàrin yàrá, yóò kọjú sí ògiri, yóò máa ké. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, ara mi bù máṣọ, mo ju abọ́ ọwọ́ mi nù. Ìyá Waheed ni kò sá. Yóò dìde, yóò gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lẹ́yìn, yóò ní, "Mo wà níbí, Olóyè. Mo wà níbí." Kíá, yóò dákẹ́.

Mo ní ká gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Mo ti ṣọ́ọ̀bù mi, a gbé e sínú apẹ̀rẹ̀, a wọ kẹ̀kẹ́. Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Dókítà Ẹ̀bùnlọlá ló yẹ̀ ẹ́ wò, níbí ní Amuwo náà. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ológbò! Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo wo ojú dókítà, mo pa ẹ̀rín náà mọ́.

"Màmá," ó wí, "ohun kan wà ní ọ̀fun rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó máa ń ṣe àwọn ológbò tó bá ti darúgbó. Òun ló ń mú un jẹun tí kò sanra, òun náà ló gbé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sókè. Ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn ló fọ́ ojú rẹ̀."

"Ojú rẹ̀ fọ́?" Ìyá Waheed bi í. "Olóyè kò ríran?"

"Kò ríran mọ́, Mà. Bó bá jí lójijì, kò mọ ibi tó wà. Igbe tó ń ké yẹn, ṣe ló ń bèèrè pé ta ló wà níbẹ̀."

Ìyá Waheed jókòó, ó bo ojú rẹ̀, ó sunkún. Mi ò rí i kó sunkún bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n gbé ọkọ rẹ̀ dé. Wọ́n fún wa ní oògùn. Ìyá Waheed náà ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì ń lo oògùn, nítorí náà àárọ̀ ni àwọn méjèèjì jọ ń lo tiwọn: tirẹ̀ pẹ̀lú tíì, ti Olóyè nínú ẹja. Igbe náà dínkù, àmọ́ ojú tó ti fọ́ ti fọ́.

Ẹ wá gbọ́ ti Akínfẹ́nwá. Orí Ìyá Waheed gan-an ló ń gbé, lókè. Festac yìí ni wọ́n bí i sí, Erékùṣù Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́, táì ni lójoojúmọ́. Inú pálọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ìpàdé àdúrà, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́rú àti ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi. Àdúrà ò burú, èmi náà ń gbà á. Àmọ́ tiwọn, ṣe ni wọ́n máa ń fò, tí wọ́n ń fẹsẹ̀ janlẹ̀ kì kì kì, tí ekuru ń bọ́ láti àjà sórí ẹ̀rọ Ìyá Waheed. Ológbò tí kò ríran wà lójú oorun, àjà bẹ̀rẹ̀ sí í mì lórí rẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ ò ní ké? Bó bá ké, wọn á gbàdúrà kíkankíkan. Bí wọ́n bá gbàdúrà kíkankíkan, á tún ké sí i. Àwọn bá ní ẹ̀mí òkùnkùn ló ń dáhùn, pé iná àdúrà ló ń jó o.

Oyún wà lára Bímpé, ìyàwó Akínfẹ́nwá, nígbà náà. Oyún náà bà jẹ́. Ó dùn wá, Ọlọ́run gbọ́, nítorí ọmọ dáadáa ni Bímpé. Ṣùgbọ́n ìpàdé ti ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e kò tíì parí tí Akínfẹ́nwá fi sọ̀ kalẹ̀ dé àárín àtẹ̀gùn, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ tò sẹ́yìn rẹ̀, tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà Ìyá Waheed.

"Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí!" ó pariwo. "Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?"

Ìyá Waheed jáde. Òwú ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó yọ ọ́, ó sì rọra dá a lóhùn bí ìyá ṣe ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. "Akin, mo bá yín kẹ́dùn. Ojú ológbò yìí ló fọ́. Bí ẹ bá ti ń fò lókè ló máa ń jí. Kò mọ ibi tó wà ló ṣe ń ké. Àgbà ló dé sí i, kì í ṣe àjẹ́."

Akínfẹ́nwá rẹ́rìn-ín. "Ta ló ń ké báyẹn tí kì í ṣe àjẹ́? Ẹ sọ òótọ́, Ìyá Waheed. Olóyè tí ẹ ń pè é yìí, oyè wo ló jẹ, nínú ẹgbẹ́ wo?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bernice, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí ti Akínfẹ́nwá, rẹ́rìn-ín ju gbogbo wọn lọ, Bernice tí Olóyè pa èkúté nínú ilé ìdáná rẹ̀. Mo ti dé ìdajì àtẹ̀gùn, mo ti tú gèlè mi, kí n tó mọ̀ pé Ìyá Waheed ti di ìró mi mú lẹ́yìn. "Yíwọlá, sọ̀ kalẹ̀. Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi."

Iṣẹ́ wo? Aṣọ kóyà ṣọ́ọ̀ṣì wọn náà ni! Akínfẹ́nwá ti kó o fún un kí ọ̀rọ̀ tó bẹ́. Mo ní kó jó o níná. Ó ní òun ti dá ọjọ́. Ó rán an parí, ó lọ̀ ọ́, ó kó o sínú báàgì ńlá méjì, ó gbé e gun òkè fún un. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí báàgì yìí ṣe rí. Funfun ni, ó nípọn, Waheed ló ṣe é fún ìyá rẹ̀ láti Ìbàdàn. Àwọ̀ àlùkò ni wọ́n fi kọ "Fàósátù Aránṣọ" sí i lára, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sì wà lábẹ́. Kékeré ló máa ń fún àwọn oníbàárà. Ńlá ṣọ̀wọ́n, ó ti pẹ́ tó ti fún ẹnikẹ́ni ní ọ̀kan, méjì tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ló fún Akínfẹ́nwá.

Wọn kò kí i kú iṣẹ́. Àwọn ìyá ọmọ iléèwé tí wọ́n ń gbé aṣọ wá fún un bẹ̀rẹ̀ sí í gba òdìkejì títì. Ó ń rí wọn. Ó ń tẹ ẹ̀rọ lọ.

Lọ́jọ́ kan ó lọ ra síìpù àti òwú ní Mile 2. Ìgbà tó dé, nẹ́ẹ̀tì fèrèsé ti ya, Olóyè kò sí lórí ègé aṣọ rẹ̀. A wá a dé inú gọ́tà. A wá a lábẹ́ ọkọ̀, a wá a lẹ́yìn ilé. "Ológbò tí kò ríran, Yíwọlá, ibo ló máa rìn lọ?" Ohun tó ń bi mí ṣáá nìyẹn. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ti mọ́ dáadáa nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Fọláyan ni, fọ́kanáísà tó ń lẹ táyà ní Mazamaza. Ọmọ ọkọ̀ Bàbá Waheed ni tẹ́lẹ̀, òun ló rí Olóyè nínú apẹ̀rẹ̀ tòmátì ọjọ́sí.

"Ìyá," ó wí, "mo rí báàgì yín kan létí títì, mo rò pé aṣọ oníbàárà ló já bọ́. Ẹ jókòó ná kí n tó sọ èyí tó kù."

Wọ́n fi okùn so ẹnu báàgì náà. Èyí tí mo máa sọ nìyẹn. Ẹran tí kò ríran, tó ń bèèrè ta ló wà níbẹ̀ nínú yàrá ara rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ sáàárín àwọn tírélà nínú báàgì tí wọ́n so lẹ́nu. Ìkà! Ìyá Waheed tú okùn náà fúnra rẹ̀. Ó gbé Olóyè sínú ìró rẹ̀, ó gbé e wálé, a sin ín sábẹ́ igi fúrúùtù lẹ́yìn ilé. Ó fọ báàgì náà. Ó sá a. Nígbà tó gbẹ, ó lọ̀ ọ́ bíi pé ó fẹ́ gbé e fún oníbàárà, ó sì fi ìṣó kọ́ ọ sára ògiri níwájú ẹ̀rọ rẹ̀, níbi tí ojú rẹ̀ á ti máa rí i bó bá ti gbé orí sókè.

Mo ní kí n lọ fọ́ agbárí Akínfẹ́nwá. Mo ti gbé irin ìṣí-sílíńdà.

"Fi í sílẹ̀," Ìyá Waheed wí. "Mo fẹ́ kó wà láàyè. Bó bá kú, ta ló máa mọ̀ pé mo gbẹ̀san?"

Mo wo ojú rẹ̀, ẹ̀rù rẹ̀ bà mí fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó gòkè lọ, mo tẹ̀ lé e. Akínfẹ́nwá ṣílẹ̀kùn.

"Akin, báàgì méjì ni mo fún ọ. Ọ̀kan ti padà sọ́dọ̀ mi. Ó ku ọ̀kan."

Ó wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú. "Ìyá Waheed, iṣẹ́ Olúwa ni mo ṣe."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi náà ń dúró."

Láti ọjọ́ náà, bí Akínfẹ́nwá bá ń lọ síbi iṣẹ́, Ìyá Waheed kò ní kí i, kò ní bú u. Yóò kàn dá ẹ̀rọ dúró, yóò ní, "Akin, ó ku báàgì kan." Bó bá ń dé nírọ̀lẹ́: "Akin, ó ku báàgì kan." Akínfẹ́nwá bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìn ilé. Ó mú pásítọ̀ wá, wọ́n da òróró sí gbogbo àtẹ̀gùn, Bernice yọ̀, ó fi ìdí janlẹ̀. Inú mi dùn! Wọ́n ní àjẹ́ ni Ìyá Waheed, òun kò sì bá wọn jiyàn mọ́. Wọ́n fi í joyè, ó bá wọn jẹ ẹ́. Akínfẹ́nwá rù bí ẹni tó ṣàìsàn. Kó kàn gbé báàgì náà padà, ṣé ó rọrùn bẹ́ẹ̀? Bó bá gbé e wá, ó ti gbà pé òun jẹ̀bi nìyẹn. Bímpé wá kúnlẹ̀ níbi ẹ̀rọ, ó ń bẹ̀bẹ̀. Ìyá Waheed fà á dìde. "Ìwọ kò ṣẹ̀ mí, ọmọ mi. Lọ sinmi." Àsìkò náà ni èmi náà bẹ̀rẹ̀ ìjà gáàsì mi.

Ọ̀rọ̀ wà bẹ́ẹ̀ títí Akínfẹ́nwá fi lọ mú ìyá rẹ̀ wá láti Ọ̀wọ̀, níbi tí àwọn òbí rẹ̀ fẹ̀yìn tì sí. Bàbá rẹ̀ ti kú, ìyá àgbà náà dá wà, àwọn ará ibẹ̀ ní ó ti ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Tí ọ̀sán bá ti ń rọlẹ̀, yóò wá dúró síbi fèrèsé òkè, yóò ké: "Ẹ mú mi lọ sílé o! Ta ló wà níbẹ̀?" Igbe gígùn, láti inú ikùn. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo rò pé Olóyè ló jí dìde lábẹ́ igi fúrúùtù. Ẹ̀rọ Ìyá Waheed dúró. A wo ara wa. Èmi bú sẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

"Ẹ̀san ti dé," mo wí. "Ẹ gbọ́ o! Ó ti dé ilé rẹ̀!"

"Dákẹ́," Ìyá Waheed dá mi lóhùn. "Àgbà nìyẹn. Àgbà kì í ṣe ẹ̀san. Tèmi ṣì ń bọ̀."

Àwọn tó ń wá síbi àdúrà dínkù. Bernice náà, bí ó bá ti rí Màmá Akínfẹ́nwá lórí àtẹ̀gùn, yóò fa àwọn ọmọ rẹ̀ wọlé, yóò ti ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ tó ń sọ ọ́ lórí fóònù pé irú igbe yẹn, kò sí ohun méjì tó ń ké bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe àjẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ àbámẹ́ta kan, Akínfẹ́nwá já síta láìwọ bàtà, bọ́tìnnì rẹ̀ ṣí sílẹ̀. "Ẹ bá mi rí Màmá mi? Àǹtí Yíwọlá, ẹ dákun, ẹ rí Màmá mi?"

"Gáàsì ti tán," mo wí.

Ó sáré lọ sí etí títì, ó ń bi àwọn ọlọ́kadà. Ibẹ̀ ló wà nígbà tí fóònù Ìyá Waheed dún. Ohùn Fọláyan le débi pé mo ń gbọ́ ọ láti ibi tí mo jókòó sí.

"Ìyá, báàgì yín kan tún ti dé Mazamaza o! Ìyá arúgbó kan ló gbé e mọ́ra, ó ń ké, ó ní òun ń lọ sílé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti yí i ká. Wọ́n ní ẹyẹ ló já bọ́ láti orí wáyà iná tó di ènìyàn. Mo dúró tì í, àmọ́ èmi nìkan ni. Ìyá, wọ́n ti ń wá táyà. Táyà tèmi ni wọ́n fẹ́ gbé!"

Ìyá Waheed pa fóònù. Gbogbo wa la mọ ohun tí wọ́n ń fi táyà ṣe fún ẹni tí wọ́n bá pè ní ẹyẹ. Akínfẹ́nwá ń sáré bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa, ó ń làágùn, kò mọ nǹkan kan. Àwa méjì nìkan la mọ ibi tí ìyá rẹ̀ wà. Bí Ìyá Waheed bá kàn gbé aṣọ, tó ń rán an lọ, ọ̀rọ̀ parí, kò sì sẹ́ni tó máa bi í léèrè. Ó wo báàgì ara ògiri. Èmi kò sọ̀rọ̀, òun ló ni òkú. Ó fa òwú inú abẹ́rẹ́ já, ó dìde, ó já báàgì náà kúrò lára ìṣó.

"Akin," ó wí, "mo ti mọ ibi tí báàgì kejì wà. Wọ kẹ̀kẹ́."

Mo fo sẹ́yìn wọn, mi ò tilẹ̀ ti ṣọ́ọ̀bù. Nínú kẹ̀kẹ́, Akínfẹ́nwá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. "Ìyá Waheed, mo jẹ̀bi. Mo mọ̀ pé mo jẹ̀bi. Ṣé Màmá mi wà láàyè?"

"Dákẹ́ títí a ó fi dé ibi tí o mọ̀."

A dé ibẹ̀. Ìyá àgbà náà jókòó sórí ilẹ̀ dúdú tó kún fún epo ọkọ̀, sálúbàtà kan ló kù lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó gbá báàgì Ìyá Waheed mọ́ àyà, ó ń ké. Fọláyan dúró lé e lórí pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́. Àwọn ènìyàn ń hó. Akínfẹ́nwá fẹ́ já wọ àárín wọn, Ìyá Waheed di ẹ̀wù rẹ̀ mú.

"Dúró. Kọ́kọ́ sọ ohun tó ń ṣe é fún wọn."

"Ìyá mi ni!" ó pariwo. "Ẹ̀yin ènìyàn, kì í ṣe àjẹ́! Àgbà ló dé sí i! Kò mọ ibi tó wà ló ṣe ń ké!"

Ọkùnrin kan tó wọ fìlà pupa yíjú padà. Kò mọ̀ wá rí, a kò mọ̀ ọ́n rí. "Ta ló ń ké báyẹn tí kì í ṣe àjẹ́?" ó bi í, àwọn tó wà níbẹ̀ sì rẹ́rìn-ín.

Mo rí Akínfẹ́nwá nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bà á. Ó kúnlẹ̀ sínú epo, ó di ìró Ìyá Waheed mú, ó ní, "Ẹ bá mi sọ ọ́ fún wọn. Wọn ò gbà mí gbọ́." Ìyá Waheed wò ó nílẹ̀ níbẹ̀. Ó jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ lórí orúnkún rẹ̀. Ó yẹ kó pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí ẹ bá bi mí.

Lẹ́yìn náà ó wọ àárín wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé Màmá lẹ́yìn. "Mo wà níbí, Màmá. Mo wà níbí."

Kíá, Màmá dákẹ́. "Ṣé a ti délé?"

"À ń lọ." Ó dìde, ó na báàgì ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó na ìka sí èyí tí Màmá gbá mọ́ra. "Ẹ wò ó. Fàósátù lorúkọ mi, ó wà lára báàgì méjèèjì, nọ́ńbà mi nìyẹn. Ìyàwó Bàbá Waheed ni mí, ibí yìí ló ń páàkì sí. Ẹni tó bá fi ojú ara rẹ̀ rí ẹyẹ kó jáde síwájú, kó wá sọ irú ẹyẹ tó rí fún mi."

Kò sẹ́ni tó jáde. Oníkálukú wọn, ẹnu ẹlòmíràn ló ti gbọ́ ọ. Àwọn awakọ̀ tó mọ ọkọ rẹ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀ látorí tírélà, wọ́n ń bọ̀. Onífìlà pupa ni mo kọ́kọ́ rí ẹ̀yìn rẹ̀. Táyà tí wọ́n ti yí jáde, Fọláyan yí i padà, ó ń bú ìyá wọn.

A gbé Màmá sínú kẹ̀kẹ́. Ìyá Waheed kò tíì wọlé.

"Akin. Níbo lo ju Olóyè sí?"

Ó na ọwọ́ sí etí títì, kò jìnnà síbi tí ìyá rẹ̀ jókòó sí. Ìyá Waheed lọ dúró síbẹ̀, ó wo ilẹ̀. Nígbà tó padà, ó fi báàgì Olóyè lé e lọ́wọ́.

"Méjèèjì ti pé. Gbé èyí kọ́ sí pálọ̀ rẹ, níbi tí ẹ ti ń gbàdúrà. Ìyá rẹ ni mo wá gbà. Mi ò tíì dárí jì ọ́."

Bímpé sọ fún mi pé ó kọ́ ọ. Ó wà níbẹ̀ di bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí. Wọn kì í fẹsẹ̀ janlẹ̀ lọ́jọ́rú mọ́, ṣe ni wọ́n ń rọra gbàdúrà wọn. Bí ọ̀sán bá ti ń rọlẹ̀, tí Màmá bá dé ibi fèrèsé tó ń ké pé ta ló wà níbẹ̀, ohùn ọmọ rẹ̀ kò lè pa á lẹ́nu mọ́, ti Bímpé kò lè pa á lẹ́nu mọ́. Ìyá Waheed ló máa gbójú sókè láti ìdí ẹ̀rọ, tó máa ní, "Mo wà níbí, Màmá." Yóò dákẹ́. Ojoojúmọ́ ni Akínfẹ́nwá ń dúró lókè níbẹ̀, tó ń retí ohùn yẹn, ó sì mọ ẹni tí wọ́n ti ń sọ ọ́ fún tẹ́lẹ̀.

Bímpé ló ń ra gáàsì báyìí. Mo ń wọ̀n ọ́n fún un, mo tún ń fi èènì sí i nítorí Màmá. Lánàá, ọkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ gbé sílíńdà wá. Ó dúró lókèèrè bí ẹni tó ń wo ajá.

"Àǹtí Yíwọlá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé gáàsì wà?"

Mo wo ìdí ẹ̀rọ. Ìyá Waheed ń ránṣọ rẹ̀ lọ, kò sọ pé kí n tà, kò sọ pé kí n má tà.

"Ó ti tán," mo wí.